Àbúrò Mi, Má Ju Lẹ́tà Honors Yẹn Nù

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ni ọmọ àǹtí mi tó ń gbé ní Katy, lẹ́bàá Houston, pè mí. "Àǹtí mi, yunifásítì ti gbà mí o!" Mo pariwo, mo sọ ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Orin náà ò tíì délẹ̀ tó fi ní, "Ẹ dúró ná, àǹtí. Wọ́n fi lẹ́tà kejì sí i. Wọ́n ní kí n wá sí Honors College. Ó jọ pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi kún iṣẹ́ mi. Màmá ń béèrè bóyá á hàn lórí sátífíkéètì, èmi ò sì mọ èyí tí màá sọ. Mo fẹ́ jù ú nù."

Mo ní kó má dán an wò. Kó fi í sínú Bíbélì rẹ̀, kó lọ sùn, màá pè é lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ kejì ni mo jókòó kọ yìí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ tìẹ náà, tàbí tí o ṣì wà ní ilé-ìwé girama tí ọkàn rẹ ń fà sí yunifásítì Amẹ́ríkà, fa àga sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni.

Ká kọ́kọ́ mú ìdàrúdàpọ̀ kan kúrò lọ́nà, torí àwọn òbí wa ni yóò kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láyé ìgbà tèmi, ohun tó sọ ni pé, "Ṣé honours náà lẹ̀ ń pariwo? Gbogbo wa la ṣe honours ní Ìbàdàn." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń wí. Ní Nàìjíríà, honours rọ̀ mọ́ oyè fúnra rẹ̀: First Class, Second Class Upper, títí dé ìsàlẹ̀. Èyí tí mò ń sọ kì í ṣe ìyẹn. Kì í sì í ṣe cum laude tí wọ́n máa ń kà síta lọ́jọ́ ìgboyè. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó ti sáré dé òpin. Ètò honors ti Amẹ́ríkà, ibi téèyàn ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ronú agboolé ńlá kan ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí èrò inú rẹ̀ pọ̀ débi pé àlejò lè wọlé kó tún jáde láìsí ẹni tó béèrè pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n nínú agboolé kan náà, ojúlé-ojúlé wà. Ẹni tó bá ń gbé ojúlé kan, wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tó jẹ lánàá, ara rẹ̀ ò lè ṣàìyá kí wọ́n má gbọ́. Yunifásítì ìjọba ní Amẹ́ríkà, tó lè ní 30,000 tàbí 40,000 akẹ́kọ̀ọ́, ni agboolé. Honors ni ojúlé. Ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ó ní àwọn olùdámọ̀ràn tirẹ̀, ó ní àwọn kíláàsì kéékèèké tí àwọn ọmọ ojúlé nìkan ń wọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ní kí o ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan kí o tó jáde, bíi pírójẹ́ẹ̀tì tiwa nílé ṣùgbọ́n tó jinlẹ̀ jù ú lọ.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Frank Aydelotte, ọ̀gá àgbà Swarthmore College ní Pennsylvania, ló gbé tiwọn kalẹ̀ ní ọdún 1922. Ó ti kàwé ní Oxford rí, ó sì ti rí bí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ṣe ń jókòó kojú ara wọn níbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ á ka ohun tó kọ sókè, tí olùkọ́ á máa tú u wò. Swarthmore tún ní àṣà kan tó wà títí dòní: àwọn olùkọ́ láti ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ń pè wá dán àwọn ọmọ honors wò, kó má jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ọmọ náà ni yóò tún ṣe adájọ́ rẹ̀. Yunifásítì Texas ní Austin dá Plan II tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1935. Nígbà tó yá, àwọn yunifásítì ìjọba ńláńlá gbá ètò náà mú, torí wọ́n fẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé dúró sí ìpínlẹ̀ wọn dípò kó gba ilé-ìwé aládàáni olówó gọbọi lọ. Fi ìyẹn sọ́kàn, àbúrò. Wọn ò ṣe ẹ́ lóore. Wọ́n ń wá ẹ ni, bí ọkọ ṣe ń wá ìyàwó, ẹni tí wọ́n bá sì ń wá, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo tó báyìí ni pé èmi ti ju tèmi nù rí.

Mo wọ yunifásítì ìjọba kan ní Texas ní ọdún 2012. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ṣe mí lóore níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó gbàgbé mi lọ. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí mo dé láti Ìbàdàn. Lẹ́tà honors dé, mo là á, mo rí "àròkọ méjì", mo rí "iṣẹ́ ìwádìí", mo pa á dé, mo ń gbé ife tíì lé e.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, a lé ní 300 nínú gbọ̀ngàn kẹ́místìrì. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, olùkọ́ tó wà níwájú kéré lójú mi bí ọmọ ayò. Odindi ọdún kan, kò sí olùkọ́ tó pe orúkọ mi, ì báà tiẹ̀ jẹ́ ní ìpekúpè. Olùdámọ̀ràn tí wọ́n fún mi fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbọ́ tẹnu mi, ó sì kọ orúkọ mi sí kọ́ọ̀sì ìṣirò tí mi ò nílò. Owó rẹ̀ wọ inú gbèsè mi. Mi ò sọ fún màmá mi. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni màmá ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Bissonnet, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí ní Houston, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé owó ti ṣòfò?

Ẹni tí ń gba C, wọ́n lè rántí pè é pé kí ló dé. Ọmọbìnrin Yorùbá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó ń gba A, tó ń kí èèyàn pẹ̀lú ìtẹríba, gbogbo ayé á rò pé nǹkan ń lọ dáadáa fún un. Báyìí la ṣe ń sọnù nínú agboolé.

Ọmọbìnrin kan tó wá dirun lọ́dọ̀ màmá ló ṣí mi létí. Wákàtí mẹ́fà ni irun rẹ̀ gbà, èmi ni mò ń bá màmá pín irun gígùn lọ́wọ́. Ó ń ka ìwé kan lórí ìjókòó, mo bi í pé kíláàsì wo ni, ó ní ti honors ni. Mo ní háà, èmi ti pàdánù tèmi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ ètò honors ló ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ẹni tó ti wà nínú yunifásítì náà lè kọ fọ́ọ̀mù lẹ́yìn sáà kan tàbí méjì, bí GPA rẹ̀ bá dára. Màmá ò dá ọwọ́ irun dúró. Ó kàn ní, "O gbọ́ ohun tó sọ, àbí o ò gbọ́?" Mo kọ fọ́ọ̀mù náà lọ́sẹ̀ yẹn.

Kíláàsì honors àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, àwa mẹ́rìndínlógún la yí tábìlì kan ká. Kò sí ẹ̀yìn tí èèyàn lè sá sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ìyá àgbà kan tó máa ń wọ bàtà kánfáàsì mọ́ gáùn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á béèrè nǹkan, á dákẹ́, á máa wò wá. Àwọn ọmọ òyìnbó á dá a lóhùn, wọ́n á tako ara wọn, ọ̀kan tiẹ̀ sọ fún un lójú pé ibi tó sọ yẹn kò tọ̀nà. Mo di àga mú. Nílé wa, ẹni tó bá sọ irú ẹ̀ fún bàbá mi, ìkúnlẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dákẹ́. Mò ń kàwé, mò ń kọ̀wé, mi ò la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ogún máàkì nínú ọgọ́rùn-ún wà fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ìyá náà dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní òun ti ka gbogbo ohun tí mo kọ, òun sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò tíì gbọ́ ohùn mi. Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n kọ́ mi nílé pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní tó bá wá jẹ́ pé àgbà náà ló ń bẹ ọmọ pé kó sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé dídákẹ́ ọmọ náà ṣì jẹ́ ọ̀wọ̀? Àbúrò, mi ò rí èsì fọ̀.

Ìwé tó kàn ni eré Oedipus tí Sophocles kọ. Bí mo ṣe ń kà á lálẹ́, ara mi balẹ̀, torí mo ti mọ ọba yìí rí, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọdẹ́wálé ni! A ti ka The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí ní SS2 ní Ìbàdàn, mo tilẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú nígbà tí a fi ṣeré. Lọ́jọ́ kíláàsì, mo la ẹnu. Ohùn mi ń gbọ̀n. Mo sọ fún wọn pé ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré náà ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà, àti pé lórí ilẹ̀ oko tí Ọdẹ́wálé fi owó ara rẹ̀ rà ni òun àti bàbá rẹ̀ ti kọlu ara wọn láìmọ̀. Mo ní ohun tó mú inú rẹ̀ ru jù ni pé bàbá àgbà yẹn fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u. Mo ní ẹni tó bá wò ó lọ́dún ogun yẹn á mọ ìdí tí Rótìmí fi gbé e gba ibẹ̀. Gbogbo tábìlì yíjú sí mi. Ìyá náà mú bírò, ó ní kí n pe orúkọ ìwé náà lẹ́tà-lẹ́tà fún òun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi í sínú àwọn ìwé tí kíláàsì rẹ̀ máa kà.

Kó tó kan owó, kó tó kan sátífíkéètì, ohun tí honors ṣe fún mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo gbé wá láti ilé kì í ṣe ẹrù tí mo gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Títí dòní, tí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá ń béèrè pé ta ló ní ọ̀rọ̀, mo máa ń rántí tábìlì yẹn, màá sì na ọwọ́.

Àwọn àǹfààní tó kù kò gba omijé, ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn máa ń balẹ̀ sí i. Wo ọ̀rọ̀ fífi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn ọmọ honors ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣílẹ̀kùn fún. Bóyá ó dà bí nǹkan kékeré létí rẹ. Èmi ń ran màmá lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, ọjọ́ tí oníbàárà máa ń pọ̀ jù. Kí n tó wọ honors, ibi tó bá ṣẹ́kù ni mo máa ń bá, láàbù mi sì bọ́ sí ọ̀sán Jímọ̀ sáà méjì tẹ̀ léra. Lẹ́yìn tí mo wọlé, mo kó gbogbo kíláàsì mi sí Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń bá òbí tọ́jú àbúrò ni ọ̀rọ̀ yìí máa yé jù.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní GPA 3.9. Nígbà tó fẹ́ wá ibi tó máa ti tẹ̀ síwájú, wọ́n ní kó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n. Kò ní ẹyọ kan. Ẹni tó rí kọ ìwé kan fún un kọ ìlà mẹ́rin: ó wá sí kíláàsì, ó gba A. Olùkọ́ náà ò purọ́, ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ ló kọ. Èmi ní ìyá oníbàtà kánfáàsì, ó kọ ojú ìwé méjì, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ọdẹ́wálé sí i.

Ó wá kan owó, tí àwọn òbí wa fẹ́ gbọ́. Ó yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé honors ni ọ̀fẹ́. Macaulay Honors College ti City University of New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, lawọ́ gan-an ní tirẹ̀: ọmọ tó jẹ́ ará ìpínlẹ̀ New York tó bá wọ ibẹ̀ kì í san owó ilé-ìwé. Ní Penn State, William Schreyer àti ìyàwó rẹ̀ Joan fi $30 mílíọ̀nù sílẹ̀ ní 1997, ìyẹn ló di Schreyer Honors College. Ní Arizona State, Craig Barrett àti Barbara ìyàwó rẹ̀ fi $10 mílíọ̀nù sílẹ̀ ní 2000, wọ́n sì fi orúkọ wọn pe kọ́lẹ́ẹ̀jì honors tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ní Barrett yẹn, owó honors lọ́tọ̀ wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san lórí owó ilé-ìwé. Béèrè méjèèjì pọ̀: èló lẹ máa fún mi, èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ mi? Béèrè pẹ̀lú bóyá họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ honors wọ́n ju tàwọn yòókù lọ, àti bóyá tipátipá ni wọ́n fi ń gbé e.

Jẹ́ kí n sọ èrò tèmi síbí, kó o sì máa fi han màmá rẹ bí o bá fẹ́. Mo mọ òbí tó gba kí ọmọ jẹ gbèsè rẹpẹtẹ nítorí orúkọ ilé-ìwé tó máa dùn ún pè níbi òde. Bí Harvard bá gbà ẹ́, tí wọ́n sì fún ẹ lówó tó tó, máa lọ, má wẹ̀yìn wò. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé aládàáni tí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, tí kò fún ẹ ní nǹkan gidi, tó fẹ́ kí o jẹ gbèsè tó máa bá ẹ dé ilé ọkọ? Honors ní yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ sàn jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Àwọn tó wà ní Maryland, tí àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ bí èèrùn, mo tún ní ọ̀rọ̀ tiyín. Ní yunifásítì UMBC, lẹ́bàá Baltimore, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Meyerhoff Scholars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 fún àwọn tó fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ dé òpin. Honors kọ́ ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kizzmekia Corbett, ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn bí abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna fún Kòrónà, ibẹ̀ ló gbà kọjá, ó gboyè ní 2008. Bí ẹ bá fẹ́ràn bàọ́lọ́jì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbúrò, ó wá ku iṣẹ́ ìwádìí, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ẹ́ jù. Ẹ̀rù rẹ̀ ba èmi náà. Oṣù méjì ni mo fi ń wá àkòrí tó máa dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé. Ìgbà tí mo lọ bá ìyá àgbà, ó bi mí pé kí ni mo mọ̀ tí àwọn tó kù nínú ọgbà yìí ò mọ̀. Mo ní irun dídì. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe bá ọ̀rọ̀ òfin irun dídì lọ ní Texas nìyẹn. Ní 1997, wọ́n mú Isis Brantley ní Dallas, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, torí pé ó ń dirun fún àwọn èèyàn láìní ìwé àṣẹ. Ní 2007, ìpínlẹ̀ náà dín ìnira òfin náà kù, wọ́n ní onídìrí kàn máa gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35. Ṣùgbọ́n bí Brantley bá fẹ́ kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́ náà kó lè gba ìwé àṣẹ fún wọn, àfi kó ní ilé tó fẹ̀ bíi ti ilé-ìwé àwọn onígbàjámọ̀, pẹ̀lú àga ìgẹrun mẹ́wàá àti àwọn báésìnì ìfọrun. Ta ló ń jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ láti di kòlẹ́sẹ̀? Ó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a láre. Lọ́dún kan náà, ilé aṣòfin Texas yọ àwọn onídìrí kúrò lábẹ́ òfin ìwé àṣẹ pátápátá.

Èmi tí mo dàgbà sábẹ́ òórùn òróró irun, mi ò mọ nǹkan kan nínú èyí. Màmá mi ti ń fi ẹ̀rù dirun fún ọdún mélòó kan, ó máa ń sọ pé "àwọn ìjọba lè dé", mo rò pé àṣejù lásán ni. Ọ́fíìsì honors fún mi ní $600, mo fi ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo fi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Austin lẹ́ẹ̀mejì lọ ka àkọsílẹ̀, mo sì jókòó ti àwọn onídìrí méjìlá lọ́nà Bissonnet, wọ́n ń sọ tẹnu wọn, èmi ń gbà á sílẹ̀. Ojú ìwé 74 ló jẹ́ nígbà tó parí.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta, màmá wọ ìró àti bùbá, ó wé gèlè tó dí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú. Mo gbé àwòrán kan sójú ògiri, mo ní, "Èyí ni kòlẹ́sẹ̀." Màmá ò lè mú un mọ́ra. Ó dìde, ó ní, "Rárá o, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dì í bọ̀ síwájú." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ojú ń tì mí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ bi màmá ní ìbéèrè, ó dáhùn, òmíràn tún bi í. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú yunifásítì, èmi ń ṣe ògbufọ̀. Màmá tèmi náà ti máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá á hàn lórí sátífíkéètì, kò tún béèrè mọ́ láti ọjọ́ yẹn. (Ó hàn ṣá o. Wọ́n kọ ọ́ sí tèmi.)

Mi ò ní tàn ẹ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Bí ilé-ìwé rẹ bá kéré tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà ní kíláàsì gbogbo, kí lo tún ń wá ojúlé fún nínú ilé oníyàrá kan? Bí o bá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀rọ, tí kọ́ọ̀sì rẹ ti kún fọ́fọ́, bi wọ́n bóyá o lè sọ kọ́ọ̀sì tó o ń ṣe tẹ́lẹ̀ di ti honors nípa fífi iṣẹ́ díẹ̀ kún un lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. GPA tún wà tí o ò gbọ́dọ̀ já sísàlẹ̀ rẹ̀, bíi 3.5 ní ibi púpọ̀. Ọmọ yàrá mi já sí 3.2 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Wọ́n fún un ní sáà kan kó fi gbé e sókè, ó gbé e sókè, ṣùgbọ́n òun ló lọ ṣàlàyé ara rẹ̀. Bó bá dákẹ́ ni, wọn ì bá yọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tètè mọ èyí. Àwọn ọmọ honors ni wọ́n sábà máa ń múra sílẹ̀ fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ńlá bíi Truman àti Fulbright. Àwọn ẹ̀bùn kan wà nínú wọn tó jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, Truman jẹ́ ọ̀kan. Ti Goldwater fún sáyẹ́ǹsì gba ẹni tó ní ìwé ìgbélùú náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi ọdún kan sáré tẹ̀ lé ohun tí kò sí fún yín. Kíláàsì, olùkọ́ àti iṣẹ́ ìwádìí ní tiwọn kì í bi èèyàn ní físà.

Nípa àròkọ tí wọ́n ní kí o kọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Má kọ ìtàn ìyà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ẹ pé òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù honors ń wá ẹni tí nǹkan kan ń jẹ lọ́kàn, tí á fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ àǹtí mi fẹ́ kọ nípa bí ó ṣe ń jí láago márùn-ún. Mo bi í pé kí ló ń rò nígbà tó bá jí láago márùn-ún náà. Ó ní òun máa ń rò ó pé kí ló dé tí ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú fi ń rántí oríkì baba ńlá méje, tí òun ò lè rántí nọ́ńbà fóònù méjì. Mo ní ìyẹn ni kó kọ. Ó kọ ọ́, ó kà á sókè fún màmá rẹ̀ ní kíṣìnì, màmá rẹ̀ sì pe Ìjẹ̀bú lálẹ́ ọjọ́ náà láti mọ̀ bóyá baba méje ni lóòótọ́. Mẹ́sàn-án ni.

Ó ti fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwọ ńkọ́? Lọ gbé lẹ́tà yẹn jáde níbi tó o tì í sí, kó o wo déètì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ yìí, torí ọjọ́ ti honors sábà máa ń ṣáájú ti àwọn yòókù.